Jíjí Irúgbìn Eléèpo Líle Lójú Oorun: Ìtàn Ìmọ̀ Gbígbin Igi ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn ìmọ̀ tó jẹ mọ́ mímú irúgbìn igi eléèpo líle hù, pẹ̀lú àfojúsùn sí ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, pàápàá jù lọ Ìjerò, Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ó tọ ipasẹ̀ ìmọ̀ náà láti orí iná oko àti ìkòkò àwọn onírú, dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba ní ayé ìjọba amúnisìn, àti dé àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Ìbàdàn àti nítòsí ìlú Benin. Ohun tí àgbéyẹ̀wò náà fi hàn ni pé ìmọ̀ méjì ló wà nílẹ̀ tí wọn kò pàdé ara wọn: ìmọ̀ àbáláyé tí a kò kọ sílẹ̀, àti ìmọ̀ ìwádìí tí a kọ sílẹ̀ ní èdè tí àgbẹ̀ kò gbọ́. Àìpàdé yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí igi àjèjì gbilẹ̀ ní àgbègbè náà, nígbà tí irúgbá, awin àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ń dínkù.

Ìfáàrà

Ojú ọ̀nà tó ti Iléṣà wọ Èkìtì máa ń gba àárín àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ká kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Arámọ̀kọ, kó sì forí lé Adó. Ìjerò wà ní apá àríwá ojú ọ̀nà yìí. Ilẹ̀ àgbègbè náà jẹ́ ibi tí igbó kìjikìji àti ọ̀dàn ti ń pàdé. Ní apá gúúsù, lọ sí Ìkọ́gosì àti Ògòtún, kòkó àti obì ló gbilẹ̀. Bí a bá ti ń lọ sókè sí àríwá ni koríko ń pọ̀ sí i láàrin igi. Nítorí ìpàdé yìí, igi igbó àti igi ọ̀dàn jọ ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì: ìrókò àti awin, apá àti irúgbá, pẹ̀lú ọ̀pẹ tó wà níbi gbogbo.

Nínú oko àti nọ́sìrì òde òní, ìtàn mìíràn ni igi ń sọ. Tíìkì, mẹláínà, kòkó àti ọ̀pẹ onísọmọ́gbè ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbìn. Irúgbá, igi tí a ń fi irúgbìn rẹ̀ ṣe irú, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí lára wọn. Dídá irúgbá sí nígbà tí a bá ń ṣán oko ni àṣà tí a mọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, gbígbìn ín kò wọ́pọ̀. Igi tí a bá sì ń dá sí láìgbin òmíràn, bó pẹ́ bó yá, àwọn arúgbó rẹ̀ nìkan ni yóò kù, nígbà tí wọ́n bá sì wó tán, kò ní sí àrólé.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn igi kan di ohun tí ènìyàn ń gbìn, tí àwọn mìíràn sì di ohun tí a fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ìdáhùn kan wà nínú irúgbìn fúnra rẹ̀. Irúgbìn tí a gbìn lónìí tó hù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ máa ń fún ẹni tó gbìn ín ní ìgboyà. Èyí tí a gbìn tí kò hù títí òjò fi lọ máa ń mú kí ènìyàn gbà pé igi náà kò fẹ́ kí a gbin òun. Ìtàn bí a ṣe mọ̀ pé irúgbìn bẹ́ẹ̀ kò kú, pé oorun ló ń sùn, ni ìtàn tí a fẹ́ sọ níhìn-ín.

Irúgbìn tó sùn àti irúgbìn tí kì í sùn

Ohun mẹ́ta ni irúgbìn ń fẹ́ kó tó hù: omi, afẹ́fẹ́ àti ooru tó bá a mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irúgbìn ló máa ń jẹ́ kí ohun mẹ́ta yìí dé ọ̀dọ̀ ọlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A lè pín irúgbìn igi àgbègbè yìí sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ọ̀nà kìíní ni irúgbìn tí kì í sùn rárá. Kòkó ni àpẹẹrẹ tó yé gbogbo ènìyàn. Bí a bá ti yọ ọ́ nínú èso rẹ̀ ni a ń gbìn ín, nítorí pé bó bá gbẹ, ó kú nìyẹn. Kòkó tó gba oko Èkìtì kan ní ọ̀rúndún ogún kò kọ́ àgbẹ̀ ní ohunkóhun nípa jíjí irúgbìn. Kíkánjú gbìn ín ló kọ́ wọn.

Ọ̀nà kejì ni irúgbìn tí èèpo rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi wọlé. Irúgbá, awin àti pańṣẹ́kẹ́ wà lára wọn. Abẹ́ èèpo irúgbìn bẹ́ẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì gígùn kan wà, tí wọ́n dúró ṣánṣán, tí wọ́n sì fún mọ́ ara wọn gbágbágbá bí igi ọgbà. Omi kò rí àyè láàrin wọn. Nínú irúgbìn àwọn igi tó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà, ojú kékeré kan máa ń wà nítòsí ibi tí irúgbìn ti so mọ́ èso, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni èèpo náà ti rọ̀ jù. Bí ooru gbígbóná bá bá a, ojú náà a là, omi a sì wọlé.

Ọ̀nà kẹta ni irúgbìn tó wà nínú èkùrọ́ tàbí kókó líle. Tíìkì, mẹláínà àti ọ̀pẹ wà níbẹ̀. Omi lè wọ inú wọn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èèpo líle náà a dí ọlẹ̀ lọ́nà, tàbí kí ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ má tíì ṣetán. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọ̀nà kejì àti ọ̀nà kẹta ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí pé oògùn tó jí ọ̀kan lè má jí èkejì.

Oorun yìí kì í ṣe àbùkù. Ní Èkìtì, òjò lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kejì tàbí ìkẹta ọdún, kí ọ̀dá sì tún wọlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí gbogbo irúgbìn irúgbá tó wà nínú ilẹ̀ bá hù ní òjò àkọ́kọ́ yẹn, oòrùn yóò jó gbogbo wọn pa. Èyí tó sùn ló ń dúró de òjò tòótọ́. Ohun tó dára fún igi nínú igbó ló wá di ìnira fún ẹni tó ń ṣe nọ́sìrì, tó fẹ́ kí gbogbo irúgbìn rẹ̀ hù papọ̀.

Ìmọ̀ tó ti wà nílẹ̀ kí Òyìnbó tó dé

Kò tọ́ láti rò pé ìmọ̀ nípa irúgbìn tó sùn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba amúnisìn. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìmọ̀ náà gbà wà lọ́wọ́ àwọn ará àgbègbè yìí.

Iná oko ni ti àkọ́kọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àgbẹ̀ a ṣán igbó, a jẹ́ kó gbẹ, a sì dáná sun ún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀pẹ kéékèèké a bẹ̀rẹ̀ sí hù láàrin iṣu àti àgbàdo. Àgbẹ̀ kì í tu gbogbo wọn dànù, nítorí pé ó mọ̀ pé epo ọjọ́ iwájú ni wọ́n. Bí ọ̀pọ̀ igbó ọ̀pẹ ilẹ̀ Yorùbá ṣe di igbó ọ̀pẹ nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó gbin ekùrọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igi tó ti ṣíji bo ilẹ̀ ti lọ, oòrùn sì ń gbóná tààrà lórí ilẹ̀ tí ekùrọ́ sùn sí. Ooru yẹn ló jí wọn, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí a óò mẹ́nu bà níwájú ti fi hàn.

Ẹranko ni ọ̀nà kejì. Ọ̀bọ, àdán àti ẹyẹ a máa jẹ ohun dídùn aláwọ̀ ìyeyè tó yí irúgbìn irúgbá ká, wọn a sì gbé irúgbìn náà lọ síbi tó jìnnà. Òkété a máa kó ekùrọ́ pamọ́ sínú ihò rẹ̀, èyí tó bá gbàgbé a sì hù. Àwọn ọdẹ tó mọ ihò òkété mọ̀ dáadáa pé ibi tí ọ̀pẹ bá ti hù ní ìdì kan náà, ọwọ́ ẹnìkan ló kó wọn síbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta, èyí tó jinlẹ̀ jù, wà ní ìdí iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe irú. Ẹni tó fẹ́ ṣe irú a máa se irúgbìn náà lórí iná fún wákàtí púpọ̀, nígbà mìíràn láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, kí èèpo rẹ̀ tó rọ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò gún un tàbí kí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè bọ́, a óò fọ̀ ọ́, a óò tún un sè, a ó sì dì í fún bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó lè bó. Gbogbo ìgbésẹ̀ yìí jẹ́ ẹ̀rí pé onírú mọ bí èèpo náà ṣe le tó, ó sì mọ̀ pé ooru àti omi papọ̀ ló ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ṣùgbọ́n irúgbìn tí a fẹ́ jẹ ni ó ń sè, kì í ṣe èyí tí a fẹ́ gbìn. Irúgbìn tó bá ti hó lórí iná ti kú. Láti inú ìkòkò onírú sí inú nọ́sìrì, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn ni pé kí a sọ ìkòkò kalẹ̀ kúrò lórí iná kí a tó da irúgbìn sí i. Bí ìṣísẹ̀ náà ti kéré tó yìí, kò di àṣà ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Kò sí ohun tó fa wàhálà rẹ̀ nígbà náà, nítorí pé irúgbá ṣì pọ̀, ẹranko tó ń gbìn ín sì pọ̀ pẹ̀lú.

Tíìkì àti ìjọba amúnisìn

Ní ọdún 1887, Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ìwádìí ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta ní Èkó. Ní ọdún 1899 ni a ya igbó ọba Olókèméjì sọ́tọ̀, láàrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ibẹ̀ náà ni a ti gbin tíìkì ní ọdún 1902, láti inú irúgbìn tó ti ilẹ̀ Íńdíà wá. Ní ọdún 1903, H. N. Thompson, tó ti ṣiṣẹ́ igbó ní ilẹ̀ Burma, dé láti wá ṣe olórí iṣẹ́ igbó ní Gúúsù Nàìjíríà. Dídé rẹ̀ ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí, nítorí pé Burma ni ilé tíìkì, ibẹ̀ sì ni àwọn Òyìnbó ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà Dietrich Brandis, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1856.

Èso tíìkì kò ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ le bí egungun. Àyè mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ fún irúgbìn. Èso kan lè ní irúgbìn kan, méjì, títí dé mẹ́rin, ó sì lè má ní rárá. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbin ọgọ́rùn-ún èso tí ìdajì kò sì hù, kì í ṣe èèpo líle nìkan ló fà á, àwọn kan ṣófo láti ilé ni. Èso tuntun tún máa ń lọ́ra ju èyí tí a ti fi pamọ́ fún ọdún kan lọ.

Ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó ń gbà jí tíìkì ni pé kí wọ́n rẹ èso náà sínú omi fún òru kan, kí wọ́n sì sá a sínú oòrùn lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Rírẹ àti sísá yìí ń mú kí èèpo náà wú kó sì sún kì títí yóò fi rọ̀. Nígbà tí ọmọ igi bá pé ọdún kan ní nọ́sìrì, a óò hú u, a óò gé orí àti gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, a ó sì gbin kùkùté náà sínú oko nígbà òjò. Ọ̀nà yìí rọrùn, ó sì jẹ́ kí tíìkì ṣeé kó láti ibì kan dé ibòmíràn láìkú.

Láti Burma kan náà ni ètò tí a ń pè ní taungya ti wá. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè wọn ni oko orí òkè. Nínú ètò yìí, a óò jẹ́ kí àgbẹ̀ dá oko oúnjẹ sínú igbó ọba, kí òun náà sì máa tọ́jú igi tí ìjọba gbìn láàrin oko rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà ní Sàpóbà, nítòsí Benin, ní ọdún 1927. Bí a ti ń ya igbó ọba sọ́tọ̀ káàkiri, Èkìtì náà ní tirẹ̀, igbó ọba Arámọ̀kọ sì wà lára wọn.

Ohun tó yẹ kí a fiyè sí ni irú igi tí ìmọ̀ yìí yí ká. Igi pákó ni ìjọba amúnisìn ń wá. Èso tíìkì le ju irúgbìn irúgbá lọ láti mú hù, ṣùgbọ́n a wá ọ̀nà sí ti tíìkì nítorí pé owó pákó wà nídìí rẹ̀. Irúgbá jẹ́ igi ọbẹ̀, ọwọ́ àwọn obìnrin ni òwò rẹ̀ wà, kò sì sí lára ohun tí iṣẹ́ igbó kà sí èrè. Ìdí nìyí tí a kò fi lè sọ pé líle èèpo nìkan ló yọ irúgbá sílẹ̀ nínú ohun tí a ń gbìn. Ohun tí ẹni tó ní agbára fẹ́ ni ìmọ̀ máa ń lọ bá.

Ọ̀pẹ: ohun tí iná oko ti ń ṣe tẹ́lẹ̀

Ní ọdún 1939 ni a dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ nítòsí ìlú Benin. Ní ọdún 1951, ó di ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí a mọ̀ sí WAIFOR. Láti ọdún 1964 ni a ti ń pè é ní NIFOR. Ọ̀kan lára ìṣòro tó dojú kọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni pé ekùrọ́ tí a bá gbìn lásán lè pẹ́ ní ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀, wọn kò sì ń hù papọ̀.

G. Hussey tẹ àbájáde ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní ọdún 1958, A. R. Rees náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1962. Ohun tí iṣẹ́ wọn fi múlẹ̀ ni pé ekùrọ́ ń fẹ́ ooru gbígbóná fún ìgbà pípẹ́ kó tó jí. Ọ̀nà tó ti ibẹ̀ jáde ni pé kí a kó ekùrọ́ tó ní ọ̀rinrin díẹ̀ sínú ọ̀rá, kí a gbé e sínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 39°C sí 40°C fún nǹkan bí 80 ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni a óò rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, a óò gbọn omi ara rẹ̀ dànù, a ó sì gbé e síbi tutù díẹ̀, ní nǹkan bí 27°C. Láàrin ọ̀sẹ̀ bíi méjì, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí hù, ọ̀pọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí a bá fi èyí wé iná oko, a óò rí i pé ilẹ̀ oko tí a sun, tí oòrùn ń pa láìsí ìbòjì, ti ń ṣe iṣẹ́ yàrá gbígbóná láti ayébáyé. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Àgbẹ̀ rí àbájáde, kò rí ìdí rẹ̀. Onímọ̀ rí ìdí rẹ̀, ó sì lè wọ̀n ọ́n. Nítorí pé ó lè wọ̀n ọ́n, ó lè mú ọ̀kẹ́ àìmọye ekùrọ́ hù lọ́jọ́ kan náà, kó sì kó wọn fún àgbẹ̀ ní Ìjerò tàbí Arámọ̀kọ láìsí pé àgbẹ̀ náà dáná sun igbó kankan. Ọ̀pẹ ni igi eléèpo líle kan ṣoṣo nínú àwọn igi ìbílẹ̀ àgbègbè yìí tí ìmọ̀ méjèèjì pàdé lórí rẹ̀ dáadáa, ọ̀pẹ náà sì ni ó ṣì ń gbilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀.

Ìwádìí ní Ìbàdàn: omi gbígbóná, ọ̀bẹ àti ásíìdì

Ní ọdún 1954 ni a dá ẹ̀ka ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, èyí tó di FRIN lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ní ọdún 1967 ni a dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn kan náà. Láti àárín àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ IITA, lára wọn B. T. Kang, ti ń ṣe ìwádìí lórí gbígbin igi leucaena ní ìlà-ìlà láàrin oko àgbàdo, kí ewé rẹ̀ lè máa fún ilẹ̀ lọ́ràá. Irúgbìn leucaena jẹ́ ti ọ̀nà kejì, omi kì í wọ̀ ọ́. Ọ̀nà tí a mọ̀ fún un ni pé kí a rì í sínú omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 80°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí a sì tún rẹ ẹ́ sínú omi tútù di ọjọ́ kejì.

Àkọsílẹ̀ ìwádìí káàkiri Nàìjíríà fi hàn pé ọ̀nà mẹ́ta ló ṣiṣẹ́ jù fún àwọn irúgbìn tí omi kì í wọ̀. Ọ̀kan ni omi gbígbóná. Ìkejì ni gígé tàbí yíyún èèpo pẹ̀lú ọ̀bẹ, ayùn ìṣó tàbí yanrìn, ní apá tí kì í ṣe ibi tí ọlẹ̀ wà. Ìkẹta ni ásíìdì sulphuric tí a kò bu omi là, èyí tó ń jẹ èèpo náà láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan. Ásíìdì yìí ṣiṣẹ́ fún irúgbá àti awin, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ pọ̀. Ó ń jó ara, ó ń jó aṣọ. Ásíìdì ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì, nítorí pé yóò ta padà sí ojú ẹni. Iṣẹ́ yàrá ìwádìí ni, kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀kọ́ tó jáde nínú gbogbo ìwádìí wọ̀nyí bá òwe Yorùbá mu, pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ooru tó kéré jù kò la èèpo. Èyí tó pọ̀ jù a pa ọlẹ̀. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà.

Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Òǹdó, ètò gbígbin igi tí owó Báǹkì Àgbáyé wà nínú rẹ̀ gbájú mọ́ mẹláínà fún ṣíṣe bébà. Kókó mẹláínà kò ní wàhálà: a óò bó ara rẹ̀ kúrò, a óò rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ọjọ́ kan tàbí méjì, yóò sì hù. Bí igi àjèjì méjì, tíìkì àti mẹláínà, ṣe gba ọkàn àwọn onínọ́sìrì nìyẹn.

Ohun tó kù ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì

A dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ó sì jogún àwọn igbó ọba tó wà ní ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn igi ńláńlá tó wà nínú wọn ti dínkù púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dú àti àwọn tó ń dáko. Agbègbè ọ̀dàn bíi Kwara, Kogi àti Niger ni irúgbá ti pọ̀ jù, láti ibẹ̀ sì ni púpọ̀ irúgbìn rẹ̀ ti ń wọ àwọn ọjà ilẹ̀ Yorùbá. Onírú tó ń ra irúgbìn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, owó ọkọ̀ wà lórí ọjà rẹ̀. Àwọn tó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fi èlò ọbẹ̀ inú páálí rọ́pò irú kò kéré.

Àwọn kan lè sọ pé èèpo irúgbìn kò lè jẹ́ ìdí fún gbogbo èyí, òótọ́ sì ni. Irúgbá ń pẹ́ kó tó so, ó lè tó ọdún mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ tó ń yá ilẹ̀ dáko kò ní ẹ̀tọ́ láti gbin igi tí yóò pẹ́ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, nítorí pé nínú àṣà ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó gbin igi ti fẹ́ ní ilẹ̀. Iná tó ń jó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa pa ọmọ igi. Síbẹ̀, ìdí wọ̀nyí kan tíìkì náà. Tíìkì ń pẹ́ ju irúgbá lọ kó tó di owó, onílẹ̀ kò sì gba àyálégbé láyè láti gbìn ín. Àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ṣì ń gbìn ín, torí pé wọ́n lè rí ọmọ rẹ̀ rà ní nọ́sìrì. Wọn kò rí ti irúgbá àti awin. Níbi tí ọmọ igi kò bá ti sí, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ilẹ̀ kò tíì dé rárá.

Èdè ni ìdènà mìíràn. Ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa 80°C àti ìṣẹ́jú mẹ́ta wà ní ilé-ìkàwé Ìbàdàn láti bí ogójì ọdún, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá kò ní orúkọ tó dúró fún oorun irúgbìn nínú ìwé ẹ̀kọ́, ohun tí kò bá sì ní orúkọ, ó ṣòro láti kọ́ ọmọdé. Àwọn èdè-ìperí bíi *oorun irúgbìn*, *jíjí irúgbìn*, *yíyún èèpo* àti *rírẹ-sísá* lè wúlò fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, nítorí pé a fi wọ́n ṣe àpèjúwe iṣẹ́ náà gan-an.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe lè dá ìmọ̀ náà padà

Ìdánrawò kan wà tí ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ní Ìjerò, Arámọ̀kọ tàbí Ẹ̀fọ̀n lè ṣe láìná owó púpọ̀. Kí a wá irúgbìn irúgbá tó gbó dáadáa, kí a fọ̀ ọ́, kí a dà á sínú omi, kí a sì kó èyí tó bá léfòó dànù, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ti ṣófo tàbí kí kòkòrò ti jẹ wọ́n. Kí a ka èyí tó kù, kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́ta tó dọ́gba. Ìpín kìíní ni a óò gbìn bẹ́ẹ̀. Ìpín kejì ni a óò yún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lára òkúta títí funfun inú rẹ̀ yóò fi yọ díẹ̀. Ìpín kẹta ni a óò jí pẹ̀lú omi gbígbóná. A óò se omi tó tó ìlọ́po márùn-ún irúgbìn náà títí yóò fi hó, a óò sọ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná, a óò da irúgbìn sí i, a ó sì jẹ́ kó tutù pẹ̀lú rẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, kí a wo irúgbìn inú omi. Èyí tó bá wú ti jí, kí a gbìn ín lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá ṣì kéré bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ṣì ń sùn, kí a tún un ṣe. Wíwú yìí ni àmì tó dájú jù lọ, kò sì nílò ẹ̀rọ kankan. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ iye tó hù ní ìpín kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ohun tí wọ́n bá fi ojú ara wọn rí kò ní í kúrò lọ́kàn wọn. Ó sì tún dára kí a pe onírú kan wá sí kíláàsì náà kó ṣàlàyé bí òun ṣe ń mọ̀ pé èèpo ti rọ̀, nítorí pé ìmọ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà.

Àgbálọgbábọ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ìmọ̀ nípa jíjí irúgbìn eléèpo líle ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ní orísun méjì. Àgbẹ̀, ọdẹ àti onírú mọ agbára iná, ẹranko àti omi gbígbóná láti ayébáyé, ṣùgbọ́n ìmọ̀ wọn dúró sí oko àti ìdí àdògán. Iṣẹ́ igbó ìjọba amúnisìn àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó tẹ̀lé e mọ ìwọ̀n ooru àti iye ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n igi pákó ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe, èdè tí wọ́n sì fi kọ ọ́ kò dé abúlé. Lórí ọ̀pẹ ni méjèèjì ti pàdé, àǹfààní rẹ̀ sì hàn. Lórí irúgbá àti awin, wọn kò tíì pàdé.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn irúgbá tó ṣì dúró láàrin oko ní àgbègbè náà ṣì ń so lọ́dọọdún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Irúgbìn wọn wà nílẹ̀, omi àti igi ìdáná kò wọ́n, ohun tí ó yẹ kí a ṣe kò sì ju iṣẹ́ òru kan lọ. Bí nọ́sìrì ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá lè mú ogún ọmọ irúgbá jáde lọ́dún, kí a sì fi wọ́n fún àwọn onílẹ̀ tó fẹ́ gbìn wọ́n, iran tó ń bọ̀ yóò ní igi tí wọn óò máa ká fún irú ara wọn.